Ẹ Má Tíì Tú Kábúrétọ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá

Orí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi yóò dá lé, nítorí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní sọ ohun tó ṣeé dì mú. Ọkọ̀ náà ni Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Kí wọ́n tó ṣe ìkẹyìn rẹ̀ ní ìlú Puebla ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003, ó ti lé ní mílíọ̀nù 21 tó jáde. Èkó fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn ibi tí wọ́n ti tò ó pọ̀, ní ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Badagry, láti ọdún 1975. Èyí tó kù lójú títì nínú àwọn tí wọ́n tò nígbà náà ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọwọ́ tó sì ti tú wọn kò lóǹkà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń wúkọ́, tó ń kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó ń mu epo, tàbí tí kò lè gun òkè mọ́, kábúrétọ̀ la kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Èmi ń sọ pé òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ó fọwọ́ kàn. Mo sì tún ń sọ pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń rà wọ ẹ́ńjìnnì yìí ní orúkọ ìgbéga, àìsàn tí a kò yẹ̀ wò la fi ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí kábúrétọ̀ ń ṣe gan-an. Bẹntiróòlù kì í jó dáadáa bí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó tó o. Ìwọ̀n tó bá ara mu ni kílò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílò epo kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, lítà bẹntiróòlù kan yóò gba afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 9,000 kó tó jó tán. Gbogbo afẹ́fẹ́ yìí ni ẹ́ńjìnnì ń fà gba ọ̀fun kábúrétọ̀. Ọ̀fun náà fún láàárín. Níbi tó ti fún, afẹ́fẹ́ á sáré, agbára tó fi ń ti nǹkan á dín kù, epo inú ago fúlóòtì á sì gba jẹ́ẹ̀tì jáde láti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń sáré tó ni epo ṣe ń jáde tó. Kábúrétọ̀ kò mọ ohun mìíràn. Kò mọ̀ bóyá fáàfù ń pa dé, kò mọ̀ bóyá púlọ́ọ̀gì ń ta iná lásìkò, kò sì mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ kan ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Èyí tó bá gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá nìkan ló ń wọ̀n. Nítorí náà, bí ó bá ń bu epo pọ̀ jù tàbí tó ń bù ú kéré jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe bó ti yẹ, pé ohun tí ẹ́ńjìnnì ń rán sí i ni kò bójú mu.

Ẹ gbé èyí lé orí Ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní, méjì dùbúlẹ̀ sápá ọ̀tún, méjì sápá òsì, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú dípò omi. Kábúrétọ̀ kan jókòó sókè láàárín, páìpù gbọọrọ ni epo àti afẹ́fẹ́ sì ń gbà láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn sìlíńdà. Lára ẹ́ńjìnnì 1600 ti àwọn ọkọ̀ ọdún 1971 síwájú, tí orí sìlíńdà rẹ̀ ní ihò ìwọlé méjì-méjì, róbà kúkurú kan ló so páìpù yìí pọ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan. Ooru ń gbẹ róbà yìí títí yóò fi là, ó sì lè là lábẹ́ níbi tí ojú kò tó. Bí ó bá ti là, afẹ́fẹ́ tí kábúrétọ̀ kò wọ̀n á máa wọlé. Epo á kéré jù ní apá ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí iná, yóò sì wúkọ́ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná. Ẹni tó bá gbọ́ ìró yẹn á ní epo kò wọlé dáadáa, á sì mú súkúdiráfà. Ìdí kábúrétọ̀ pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irin tó gbé pẹpẹ pẹrẹsẹ tí ẹsẹ̀ wa ń ṣí máa ń jẹ ihò tó gbà kọjá, títí ihò á fi fẹ̀ tí irin á sì máa mì, afẹ́fẹ́ á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀nà tó rọrùn láti wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí ẹ mú ìgò ìfọ́nmi tí àwọn onídìrí ń lò, kí ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí ìdí kábúrétọ̀, sí róbà méjèèjì àti sí ibi tí páìpù ti wọ orí sìlíńdà. Ibi tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Àwọn kan máa ń fi bẹntiróòlù ṣe é dípò omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, nítorí páìpù sálẹ́ńsà tó gbóná kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi wà lára púlọ́ọ̀gì. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ kábúrétọ̀ kan ló ń bọ́ sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àbùkù tó bá jẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn dáadáa, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì: 1 àti 2 sápá ọ̀tún, 3 àti 4 sápá òsì. Imú púlọ́ọ̀gì tí ara rẹ̀ yá máa ń ní àwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúdú, tí èédú gbígbẹ bò wọ́n, a lè fura sí kábúrétọ̀: ó lè jẹ́ ṣóòkù tí kò ṣí, fúlóòtì tó ti lu tí epo sì kún inú rẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ tí kò dí ihò mọ́. Kódà nígbà yẹn, ó yẹ ká kọ́kọ́ wo fílítà afẹ́fẹ́, nítorí erùpẹ̀ ọyẹ́ lè dí i pa. Bí 3 àti 4 bá funfun tí 1 àti 2 sì dára, róbà apá òsì ni ká lọ wò. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló dúdú, tàbí tó tutù fún ọ́ìlì, ẹ fi kábúrétọ̀ sílẹ̀. Wáyà púlọ́ọ̀gì, fáàfù tàbí rìǹgì písítìnì inú sìlíńdà yẹn ló ní ẹjọ́ láti rò. Kò sí bí kábúrétọ̀ kan yóò ṣe yan sìlíńdà kẹta láàárín mẹ́rin kó fìyà jẹ ẹ́, kó sì dá àwọn yòókù sí. Mo mọ̀ pé ohun tó hàn gbangba ni mo ń sọ yìí. Síbẹ̀, ẹ lọ wo iye kábúrétọ̀ tí wọ́n ń tú palẹ̀ lórí àpótí lábẹ́ igi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo wò.

Ọ̀rọ̀ fáàfù ló wá le jù. Ìjàpá kò ní ohun tó ń tún àlàfo fáàfù ṣe fúnra rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín apá tó ń tẹ fáàfù àti ìdí fáàfù náà jẹ́ 0.15 mìlímítà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ìyẹn ọkọ̀ tó sùn mọ́jú láìṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, fáàfù tí èéfín ń gbà jáde máa ń rì díẹ̀díẹ̀ sínú ìjókòó rẹ̀, ooru sì lè fà á gùn, àlàfo á wá máa dín kù. Ọjọ́ tó bá tán pátápátá, fáàfù kò ní lè pa dé mọ́. Iná á máa gba etí rẹ̀ kọjá, etí náà á jó, agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà yẹn á sì lọ. Ohun tó mú kí èyí léwu ni pé fáàfù tí àlàfo rẹ̀ ti tán kì í pariwo. Èyí tí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ ló ń dún ta-ta-ta, òun sì ni onímọ́tò ń torí rẹ̀ ráhùn. Mẹkáníìkì tó fẹ́ tẹ́ oníbàárà lọ́rùn á fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí ariwo á fi dákẹ́, oníbàárà á dúpẹ́, á sanwó. Bí ó bá yá, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò ní lè gun òkè, wọ́n á sì ní kábúrétọ̀ ti gbó. Sìlíńdà kẹta ni èyí ń bá jà jù lára àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú ọkọ̀ ọdún 1971. Ohun tó ń tu ọ́ìlì dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń lọ bá sìlíńdà náà, kí afẹ́fẹ́ sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbóná. Nígbà tí Volkswagen fẹ́ wá nǹkan ṣe sí i, wọn kò fọwọ́ kan kábúrétọ̀. Wọ́n gbé ìtu-ọ́ìlì náà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n kọ́ ilé irin kékeré tirẹ̀ fún un sẹ́yìn fáànù, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ti tù ú bá ọ̀nà tirẹ̀ jáde.

Iná ló tẹ̀ lé fáàfù, òun náà sì ní ètò tí kò ṣeé yí po. Àlàfo kọ́ńtáàtì inú dìsíríbútọ̀ jẹ́ 0.4 mìlímítà. Bí kọ́ńtáàtì bá ṣe ń jẹ ni àlàfo yìí ń yí padà, bí àlàfo bá sì ti yí padà, àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná ti yí padà náà nìyẹn. Ẹni tó bá sẹ́ẹ̀tì táímìǹgì kó tó wọn kọ́ńtáàtì ti ṣe iṣẹ́ tí yóò tún ṣe. Ẹni tó bá sì yí síkúrù kábúrétọ̀ kó tó ṣe méjèèjì, ó ń fi epo ṣàtúnṣe iná, ọjọ́ tí iná bá wá tọ́, epo ni kò ní tọ́. Àpẹẹrẹ tó gún régé jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni dìsíríbútọ̀ Bosch tí wọ́n ń pè ní 009. Ẹ́ńjìnnì 1600 tó ní kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3 jáde pẹ̀lú dìsíríbútọ̀ tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ kábúrétọ̀. Páìpù yìí ló ń jẹ́ kí dìsíríbútọ̀ mọ bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe wúwo tó, kó sì lè ta iná ṣáájú nígbà tí epo inú sìlíńdà kò pọ̀ tí kò sì yára jó. 009 kò ní irú páìpù bẹ́ẹ̀. Ìwúwo kékeré inú rẹ̀ tó ń ṣí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré ni gbogbo ọgbọ́n tó ní. Ó rọrùn, ó lágbára, owó rẹ̀ kò ga, gbogbo ayé sì ń tà á gẹ́gẹ́ bí ìgbéga. Nígbà tí ẹ bá fi sínú ọkọ̀ tó ní 34 PICT-3, tí ẹ tẹ iná láti orí ìdúró, ẹ́ńjìnnì á ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ kú kó tó gbéra. Àwọn ènìyàn á ní epo kò tó, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi sí i, wọ́n á tún pọ́ǹpù inú kábúrétọ̀ ṣe kó máa tú epo jù. Ìkọsẹ̀ náà á dín kù díẹ̀, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo, púlọ́ọ̀gì á dúdú, wọ́n á wá fẹnu kò pé 34 PICT-3 kò dára. Bẹ́ẹ̀, dìsíríbútọ̀ tí wọ́n fowó ara wọn rà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí epo fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Epo tó ti jókòó pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù máa ń ní omi nísàlẹ̀, omi náà yóò sì lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ago fúlóòtì, ní ibi tí jẹ́ẹ̀tì wà. Bẹntiróòlù tí wọ́n da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì bí a bá tẹ iná lórí òkè, kò sì sí kábúrétọ̀ tó lè tún epo tí wọ́n ti bà jẹ́ ṣe. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù bẹntiróòlù tí kò ní òjé, tó ti di ti gbogbo ayé láti ìgbà tí Àlùgẹ́ríà pa èyí tó ní òjé tì ní ọdún 2021. Ìjàpá kò ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Orí sìlíńdà rẹ̀ kì í ṣe irin dúdú, nítorí náà ó ti ní ìjókòó fáàfù líle tí wọ́n kàn mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni róbà epo tó ti gbó, àti páìpù idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀. Wọ́n tẹ páìpù yẹn wọlé lásán ni, wọn kò fi síkúrù dè é, ó sì lè yọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kí bẹntiróòlù máa tú sórí dìsíríbútọ̀ tó ń ta iná. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti jóná báyìí. Fílítà epo tí a gbé kọ́ sẹ́nu páìpù yẹn ń fi ìwúwo tirẹ̀ kún ewu náà. Abẹ́ ọkọ̀, lẹ́bàá táǹkì níwájú, ni ipò rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nílẹ̀ olóoru bíi tiwa. Páìpù irin kan láti ọ̀dọ̀ sálẹ́ńsà gba abẹ́ kábúrétọ̀ kọjá, ó rọ̀ mọ́ máńífóòdù, ìyẹn páìpù gbọọrọ tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa mú un gbóná. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé nítorí òtútù Jámánì ni wọ́n ṣe ṣe é, pé bí èédú bá dí i ní Èkó, kò sí àdánù. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù tó ń di oru lẹ́nu kábúrétọ̀ ń gba ìgbóná lára irin tó yí i ká, afẹ́fẹ́ etíkun tó kún fún ọ̀rinrin sì ń mú kí máńífóòdù lagùn lójú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí páìpù náà bá dí, epo tó yẹ kó fò bí oru á dì padà sí ara máńífóòdù, a ó tún gbọ́ ìkọsẹ̀ kan náà tí a gbọ́ lọ́dọ̀ 009. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì páìpù náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ó mọ̀: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, ó ti dí.

Mi ò sọ pé kábúrétọ̀ kì í bàjẹ́ o. Ó ń bàjẹ́, ó sì ní bó ṣe ń bàjẹ́. Lára rẹ̀ ni fáàfù kékeré oníná kan wà tó ń ṣí ọ̀nà epo nígbà tí a bá tan kọ́kọ́rọ́. Bí wáyà rẹ̀ bá já, ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀ bá wà lórí iná, á sì kú ní kété tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí ẹ yọ wáyà náà kí ẹ tún fi kàn án. Bí ẹ kò bá gbọ́ kí ó dún kì, ẹ ti rí i, ẹ kò sì tíì tú nǹkan kan. Róbà pẹlẹbẹ inú pọ́ǹpù rẹ̀ máa ń ya. Wáyà ìmúgbóná ṣóòkù máa ń já. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àbùkù tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ lára 34 PICT-3, ọwọ́ wa la fi ń dá a sílẹ̀. Síkúrù mẹ́ta ló ní. Èyí tó ń dá pẹpẹ afẹ́fẹ́ dúró wà lára apá tí wáyà iná ń fà, ó sì rọrùn láti rí, nítorí náà òun la máa ń yí nígbà tí ọkọ̀ kò bá dúró jẹ́ẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ ni síkúrù ńlá tó ń pinnu eré wà, kékeré tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń pinnu epo. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí síkúrù ti pẹpẹ kan ibi tó ń sinmi lé fẹ́rẹ́, kí ẹ fi ìlàrin ìyípo kan kún un, kí ẹ dé kékeré náà tán jẹ́jẹ́ kí ẹ tó ṣí i ní ìyípo méjì ààbọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ńlá wá eré tó yẹ, ní nǹkan bí 850 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ti fi síkúrù àkọ́kọ́ ṣí pẹpẹ ju bó ti yẹ lọ, ihò tóóró tí epo ìdúró ń gbà á ti kọjá ipò rẹ̀, síkúrù kékeré kò sì ní ní agbára lórí ohunkóhun mọ́, bó ti wù kí ẹ yí i tó.

Ti wáyà tí wọ́n fi ń gún jẹ́ẹ̀tì ló burú jù. Nọ́ńbà tó wà lára jẹ́ẹ̀tì Solex ni ìwọ̀n ihò rẹ̀, ní ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà. 127.5 túmọ̀ sí ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.275. Ẹ jẹ́ ká ní wáyà líle sọ ihò yẹn di 1.35. Ohun tó fi kún ìbú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ojú ihò ni epo ń gbà, kì í ṣe ìbú rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú ihò ti fẹ̀ sí i ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ní fi í sílẹ̀ mọ́, nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì á ṣì máa pe ara rẹ̀ ní 127.5, kò sì sí ẹni tí yóò fura sí i. Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti bẹntiróòlù mímọ́ ni kí a fi fọ jẹ́ẹ̀tì.

Mo mọ ohun tí mẹkáníìkì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò sọ. Yóò ní òun ti fọ kábúrétọ̀ láìmọye ìgbà, tí ọkọ̀ sì gbéra dáadáa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe ní ọjọ́ yẹn. Ó da omi inú ago fúlóòtì nù. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sídìí kábúrétọ̀, ó sì fún nọ́ọ̀tì méjèèjì dáadáa, nípa bẹ́ẹ̀ ó dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ó fọwọ́ kan róbà, ó tún wáyà fáàfù oníná kì bọ̀ ọ́. Èyíkéyìí nínú wọn lè wo ọkọ̀ sàn, kí ìyìn sì jẹ́ ti fífọ̀. Ohun tó fi hàn pé kì í ṣe kábúrétọ̀ ni pé ọkọ̀ náà tún padà wá, pẹ̀lú ẹ̀dùn kan náà. Omi inú táǹkì ṣì wà níbẹ̀, róbà tó là ṣì ń là sí i. Ẹlòmíràn yóò ní kábúrétọ̀ tuntun kò wọ́n tó àkókò tí gbogbo àyẹ̀wò yìí yóò gbà. Mo gbà pé owó àti àkókò ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì, fílà-gééjì tí a fi ń wọn àlàfo, ìgò omi àti fáàfù mẹ́jọ kò gba ju àárọ̀ kan lọ, kò sì sí ọjà kankan láti rà níbẹ̀. Kábúrétọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà lónìí, àwòkọ ni púpọ̀ nínú wọn. Jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè máà bá ẹ́ńjìnnì yín mu, nítorí pé bẹntiróòlù yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Láti ọdún 2015 títí di ọdún 2025, ní Bùràsíìlì níbi tí wọ́n ti ń pe ọkọ̀ yìí ní Fusca, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù lásán ni ọtí ìrèké, irú epo bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ jẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju tiwa lọ.

Ó wá ku àwọn tó ní ọkọ̀ àwọn kò ṣàìsàn, agbára ni àwọn ń wá. Wọ́n á ra kábúrétọ̀ Weber ọlọ́fun méjì, wọ́n á gbé e lé orí páìpù gbọọrọ àtijọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká bi Volkswagen fúnra wọn bí agbára ṣe pọ̀ sí i lọ́wọ́ wọn. Ẹ́ńjìnnì 1300 kúrò ní agbára ẹṣin 40 dé 44 fún àwọn ọkọ̀ ọdún 1971, ohun tó sì yí padà jù ni orí sìlíńdà tí ihò ìwọlé rẹ̀ di méjì-méjì. Ní ọdún 1963, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì 1500 ti ọkọ̀ wọn mìíràn, Type 3, kúrò ní 45 dé 54, wọ́n lo kábúrétọ̀ méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí apá tirẹ̀ kí páìpù lè kúrú, wọ́n sì tún gbé ìfúnpọ̀ sìlíńdà sókè pẹ̀lú rẹ̀. Kò sígbà kan tí wọ́n gbé ọ̀fun ńlá lé páìpù gígùn tó fún lórí, kí wọ́n pè é ní ìgbéga. Ọ̀fun tó bá tóbi ju èémí ẹ́ńjìnnì lọ, afẹ́fẹ́ kì í sáré nínú rẹ̀ nísàlẹ̀, epo kò sì ní jáde dáadáa. Orí eré kékeré yẹn sì ni ọkọ̀ ìlú ń gbé jù. Àwọn tó ń wo ìfọ́n-epo oníkọ̀ǹpútà bí ìgbàlà náà, ẹ má gbàgbé pé òfin èéfín Amẹ́ríkà ló ti Volkswagen dé ìdí rẹ̀, lórí Type 3 ní ìparí àwọn ọdún 1960, lórí Ìjàpá tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní 1975. Ohun èlò tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò lè pa fáàfù tó jóná dé.

Bí wọ́n bá fún mi lówó ìgbéga, iwájú kábúrétọ̀ ni n ó ti ná an tán. Páànù irin tó yí ẹ́ńjìnnì ká, tó pààlà láàárín afẹ́fẹ́ tútù lókè àti ooru sálẹ́ńsà nísàlẹ̀, ni n ó kọ́kọ́ wò, pẹ̀lú róbà etí rẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ sọnù lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá wa pé afẹ́fẹ́ á lè wọlé dáadáa, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe, fáànù ń fa ooru ara rẹ̀ padà sínú. Lẹ́yìn náà ni ìtu-ọ́ìlì ti 1971. Lẹ́yìn ìyẹn ni fílítà ọ́ìlì gidi, nítorí lítà méjì ààbọ̀ péré ni ọ́ìlì Ìjàpá, asẹ́ wáyà lásán ló sì ń sẹ́ ẹ. Ohun oníná tó ń rọ́pò kọ́ńtáàtì dára, bí irin àárín dìsíríbútọ̀ kò bá mì. Nígbà tí gbogbo èyí bá ti parí, tí púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti ní àwọ̀ kan náà, kábúrétọ̀ Solex tó bá ọkọ̀ náà wá ni n ó gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀dì. Yóò fẹ ihò tí irin pẹpẹ ti jẹ, yóò gbẹ́ bùṣì idẹ méjì sí i, yóò sì yọ wọ́n dọ́gba kí irin máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìmì. Àwọn oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀dì wà ní gbogbo ìlú ńlá wa, wọ́n sì lè parí iṣẹ́ yẹn ní ọ̀sán kan.